Mítà Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Ti Ìṣẹ́jú Márùn-ún Yàtọ̀ sí Ti Ọdún

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

  Ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: bí àwọn tó ń bójú tó o ṣe ń ka ohun tó ń gba orí rẹ̀ kọjá, bí wọ́n ṣe ń pa iye náà mọ́, àti bí wọ́n ṣe ń yà á ní gíráàfù ti ọjọ́, ti ọ̀sẹ̀, ti oṣù àti ti ọdún.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, kí ló kan awakọ̀ tàbí ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ nínú èyí? Ó kàn wá gan-an. Èrò tó wọ ọkọ̀ ní Gáréèjì Ìbàdàn ń fi fóònù san owó ọkọ̀. Owó oṣù wa ń gba báńkì wọlé, àlẹ́ẹ̀tì ni a fi ń mọ̀ pé ó ti dé. Gbogbo wa la rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó náírà, tí owó bébà wá wọ́n bí ojú, tí gbogbo òwò di ti orí fóònù, tí owó á kúrò lápò ẹnì kan tí kò ní tètè dé àpò ẹnì kejì. Ní January 2025 ẹ̀wẹ̀, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣe àbójútó tẹlifóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó lé owó ìpè àti dátà, tó lè tó 50 nínú ọgọ́rùn-ún. NLC dìde sí i. Níbi irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀, gíráàfù ni wọ́n máa ń gbé ka iwájú èèyàn. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń yà á, ohun tí wọ́n bá ní ó wí ni yóò gbà.

MÍTÀ INÚ ỌKỌ̀ ÀTI MÍTÀ ORÍ WÁYÀ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkọ̀. Níwájú awakọ̀ ni mítà kan wà tó ń ka kìlómítà. Mítà yìí kì í sọ pé báyìí lo rìn lónìí. Àpapọ̀ ohun tí ọkọ̀ náà ti rìn láti ọjọ́ tó ti jáde ní ilé-iṣẹ́ ni ó ń sọ. Bí awakọ̀ bá fẹ́ mọ iye tó rìn láti Ìjẹ̀bú-Òde gba Ọ̀rẹ̀ dé Bìní, yóò kọ iye tó bá níbẹ̀ nígbà tó ń lọ, yóò kọ iye tó bá níbẹ̀ nígbà tó dé, yóò sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Bí ó bá pín èyí tó kù sí iye wákàtí tó lò lọ́nà, yóò mọ bí eré rẹ̀ ti tó.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀rọ kan wà ní oríta àwọn wáyà, tó ń darí dátà sí ọ̀nà tó yẹ bí ọlọ́pàá ojú pópó ṣe ń darí ọkọ̀. Router ni wọ́n ń pè é. Ó ní mítà méjì lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ohun tó ń wọlé, ọ̀kan fún ohun tó ń jáde. Byte ni wọ́n fi ń ka ẹrù dátà, bí a ṣe ń fi kílò ka ẹrù ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà kan á máa wo ojú mítà yìí ní ìṣẹ́jú 5 sí ìṣẹ́jú 5. Yóò yọ iye àtijọ́ kúrò nínú tuntun, yóò pín in sí 300, nítorí ìṣẹ́jú àáyá 300 ló wà nínú ìṣẹ́jú 5. Iye tó bá rí ni yóò fi tẹ àmì kan sórí gíráàfù.

Àwọn awakọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé mítà ayé àtijọ́ tó bá ti dé 99,999, òdo ni yóò padà sí. Mítà orí wáyà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè ka byte kọjá 4,294,967,295. Lórí wáyà tó ń gbé 100 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó bá kún dẹ́nu, kò tó ìṣẹ́jú 6 tí mítà náà yóò fi yípo. Lórí èyí tó ń gbé 1 gigabit, kò tó ìṣẹ́jú àáyá 35. Bí ẹ bá wá ń kà á ní ìṣẹ́jú 5 sí ìṣẹ́jú 5, yóò ti yípo tó ìgbà mẹ́jọ kí ẹ tó padà dé, ẹ ó sì rò pé ẹrù díẹ̀ ló kọjá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe mítà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn wáyà tó yára. Nítorí náà, kí a tó gba gíráàfù kankan gbọ́, ó yẹ ká bi wọ́n pé: mítà wo lẹ fi kà á, ìgbà mélòó lẹ sì ń kà á?

ÀJỌ TÓ Ń YÍPO

Ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn gbà ń pa iye yìí mọ́ ti wà fún ọdún pípẹ́. Ní 1994, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó ń jẹ́ Tobias Oetiker ń ṣiṣẹ́ níbi tó jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ní sí ìta, 64 kilobit péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù kan tó wà lọ́wọ́ wa lónìí ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ ló fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà náà ti kún. Oetiker ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ya gíráàfù rẹ̀ fún wọn. MRTG ló pè é, ó sì gbé e síta ní 1995 kí ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1999 ó tún gbé òmíràn jáde, RRDtool, tó já fáfá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń lò wọ́n káàkiri ayé.

Ìṣòro tó bá pàdé ni pé nọ́ńbà ń pọ̀ jù. Kíkà ìṣẹ́jú 5 jẹ́ 288 lójúmọ́, ó jẹ́ 105,120 lọ́dún, lórí mítà kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ tó ní mítà 1,000 yóò ní ju mílíọ̀nù 105 nọ́ńbà lọ lọ́dún kan. Ibo ni wọn yóò kó o sí?

Ẹ wo àjọ tí a ń dá. Àjọ ẹlẹ́ni méjìlá kì í ju ẹni méjìlá lọ. Bí ó bá kan ẹni ìkẹyìn, ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ ni yóò padà sí. Bí fáìlì yìí ṣe rí nìyẹn. Ó ní iye àpótí kan pàtó, bí ó bá dé àpótí ìkẹyìn, yóò padà sí ti àkọ́kọ́, yóò pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, yóò sì kọ tuntun lé e. Fáìlì náà kì í sanra láéláé.

Àjọ mẹ́rin ni MRTG ń dá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ní àpótí 600 ti ìṣẹ́jú 5, èyí tó jẹ́ wákàtí 50, ọjọ́ méjì àti díẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ya gíráàfù ọjọ́. Èkejì ní àpótí 600 ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ 12 àti ààbọ̀; òun ni ti ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹta ní àpótí 600 ti wákàtí méjì, àádọ́ta ọjọ́. Òun ni ti oṣù. Ẹ̀kẹrin ní àpótí 732 ti odidi ọjọ́ kan, bí ọdún méjì. Òun ni ti ọdún. Kí àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó parẹ́, wọ́n á ro wọ́n pọ̀, wọ́n á pín wọn dọ́gba, ìpíndọ́gba yẹn ni wọ́n á sì gbé sínú àjọ tó tẹ̀lé e.

Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: lẹ́yìn ọjọ́ méjì àti díẹ̀, ẹ̀rí ìṣẹ́jú 5 ti lọ, bí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kò bá ṣètò rẹ̀ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpíndọ́gba wà lára ohun tó kù.

OHUN TÍ ÌPÍNDỌ́GBA Ń GBÉ MÌ

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká sọ pé wáyà kan lè gbé ẹrù 100, kò sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ṣíìfù òru ń jáde, ti àárọ̀ ń wọlé, èrò kún gáréèjì, gbogbo èèyàn gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ìṣẹ́jú 5 gbáko, wáyà náà kún dé 100. Owó kò lọ, ìpè kò wọlé. Lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀ sí 10, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Lórí gíráàfù ọjọ́, ẹ ó rí 100 náà gàgàrà bí òpó iná. Lórí ti ọ̀sẹ̀, tí wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pín, ó di 25. Lórí ti oṣù, tí wọ́n fi wákàtí méjì pín, kò pé 14. Lórí ti ọdún, tí wọ́n fi odidi ọjọ́ pín, ó di 10 àti díẹ̀. Wáyà kan náà ni, àárọ̀ kan náà ni. Ẹni tó bá gbé ti ọdún wá síwájú yín yóò sọ pé, "Ẹ wò ó, ìdá mẹ́wàá wáyà yìí lásán ni àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ń lò, kò sí ohun tó ń dà wọ́n láàmú." Kò purọ́ kan ṣoṣo nínú nọ́ńbà rẹ̀.

Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n lórí gíráàfù ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn lè má hàn rárá.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kò lágbára láti ṣe òdodo. RRDtool lè pa èyí tó ga jù lọ nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpíndọ́gba, ó lè pa èyí tó rẹlẹ̀ jù mọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ ló ń yàn ohun tí yóò pa mọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ìpíndọ́gba hàn wá, ká béèrè èyí tó ga jù lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń fi káàdì wọṣẹ́ yóò tètè mọ̀. Bí aago tó ń lu káàdì bá bàjẹ́, tí káàdì rẹ wá ṣófo, ṣé o kò wá síbi iṣẹ́ ni? Rárá o. "A kò mọ̀" yàtọ̀ sí "kò sí". RRDtool mọ ìyàtọ̀ yìí: bí mítà kò bá dáhùn, yóò kọ ọ́ pé a kò mọ̀, kò ní kọ òdo. Bí ẹ bá rí àlàfo lórí gíráàfù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di òdo, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fò ó dá bí ẹni pé ohun gbogbo dára lásìkò náà.

ÀKÓKÒ TI WA

Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni àwọn gíráàfù wọ̀nyí mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ wa kì í fi ọjọ́ méje ná. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná wọn, ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà ń yí bọ̀. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Mọ́ńdè lónìí, ó di ọjọ́ 28 kó tó tún bọ́ sí Mọ́ńdè. Ẹni tó bá ń fi Mọ́ńdè kan wé Mọ́ńdè kejì yóò rí i pé ó ń ga, ó ń rẹlẹ̀, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Àwa tí a ń kó ẹrù ọjà mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wo Ojúde Ọba náà, tó ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ní 2024, 18 June ló bọ́ sí. Ní 2025, 8 June ni. Ẹni tó bá fi 18 June ọdún kan wé 18 June ọdún kejì ti fi ọjọ́ tí ìlú kún wé ọjọ́ lásán. Yóò wá sọ pé àwọn èèyàn kò lo fóònù mọ́. Ọjọ́ tí a ń gba owó oṣù náà ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa béèrè pé kí wọ́n fi ọjọ́ tó jọra wé ara wọn.

WÁKÀTÍ MẸ́FÀ NÍNÚ ỌDÚN

Ní 14 March 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìhà Abidjan ní Côte d'Ivoire. Láti etí òkun yẹn ni ìnira ti dé ọ̀dọ̀ àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà.

Ẹ jẹ́ ká fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ìṣirò. Ká sọ pé ibì kan kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ títí di agogo méjì ọ̀sán, wákàtí 6. Lórí gíráàfù ìṣẹ́jú 5, àpótí 72 ló ṣófo. Ṣùgbọ́n wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún. Bí ilé-iṣẹ́ bá pín in lọ́nà ti ọdún, yóò kọ̀wé pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun ṣiṣẹ́ ní ìdá 99.93 nínú ọgọ́rùn-ún. Awakọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lójúmọ́ mọ̀ pé wákàtí 6 yẹn, ìdajì owó ọjọ́ ni. Owó ọkọ̀ tí kò wọlé lọ́jọ́ náà, ìpíndọ́gba ọdún kò lè san án padà.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ bí àwọn olówó ṣe ń ṣe é láàrin ara wọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ń ta ààyè lórí wáyà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, ọ̀pọ̀ wọn kì í gba owó lórí ìpíndọ́gba. Wọ́n á kó kíkà ìṣẹ́jú 5 ti oṣù náà jọ, èyí tó jẹ́ 8,640 nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30. Wọ́n á tò ó láti orí èyí tó ga jù dé èyí tó kéré jù. Wọ́n á yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lókè pátápátá, ìyẹn 432, èyí tó jẹ́ wákàtí 36. Èyí tó bá tẹ̀lé e ni wọ́n á gba owó lé lórí. Wọ́n mọ̀ pé ìgbà tí wáyà kún ni ìnáwó wà, wọ́n sì ń pa kíkà kéékèèké mọ́ nítorí owó wọn. Bí olówó kò bá gba ìpíndọ́gba lọ́wọ́ olówó, kí ló dé tí òṣìṣẹ́ yóò fi gbà á?

OHUN TÍ A Ó ṢE

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a kò ní router, àwọn mítà náà kì í sì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n a ní ojú, a ní ìwé, a sì pọ̀ níye. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀ka yìí gbé yẹ̀ wò nìyí.

Èkíní, kí gáréèjì kọ̀ọ̀kan àti ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan. Kí ó gbìyànjú nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ní àkókò kan náà: agogo mẹ́fà àárọ̀, mẹ́wàá àárọ̀, méjì ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àti mẹ́wàá alẹ́. Kí ó kọ ọ̀kan nínú mẹ́ta sílẹ̀: ó dára, kò dára, tàbí a kò yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó kọ ọ́ nígbà tó dára pẹ̀lú. Bí a bá kọ kìkì ìgbà tí kò dára, wọn yóò ní aláròyé ni wá.

Èkejì, kí káàdì kan gba ọjọ́ 28. Lọ́nà yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò pé síbẹ̀, ọjà ọrọọrún méje yóò sì pé síbẹ̀ pẹ̀lú. Àmì 140 ni yóò wà lórí káàdì kan. Kí akọ̀wé ya gíráàfù rẹ̀ sórí káàdìbọ́ọ̀dù, kí ó gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti rí i.

Ẹ̀kẹta, owó tó bá há, ká kọ ọjọ́, agogo, ibi àti iye rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ká sì kọ́kọ́ bá báńkì wí. Bí ó bá jẹ́ ti ìpè tàbí dátà, ilé-iṣẹ́ tó ni líìnì ni a ó kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, ká sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ká pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Ká má sì jẹ́ kó pẹ́ o! Ẹ rántí àjọ tó ń yípo: ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wọn lónìí lè ti parẹ́ kí oṣù tó parí.

Ẹ̀kẹrin, a lè ya gíráàfù ọ̀sẹ̀, ti oṣù àti ti ọdún láti inú káàdì wa, ṣùgbọ́n ká má ṣe da káàdì nù láéláé. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà kéékèèké lọ́wọ́ lè rò ó pọ̀ nígbàkúùgbà tó bá fẹ́. Ẹni tó bá ní kìkì ìpíndọ́gba kò lè tú u padà mọ́, bí a kò ṣe lè tú àmàlà padà sí èlùbọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òfatáìmù wa. Bí àwọn ọ̀gá bá sọ pé wákàtí báyìí ni òṣìṣẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ ní ìpíndọ́gba, ká ní kí wọ́n gbé ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wá, ká sì gbé tiwa tì í. Bí wọ́n bá gbé gíráàfù ọdún wá síbi ìpàdé, kí aṣojú wa fi sùúrù bi wọ́n pé: àkókò wo lẹ fi pín in? Níbo ni èyí tó ga jù lọ wà? Kí lẹ kọ síbi tí ẹ kò ti mọ̀?

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká ti máa kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.  Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní tú o.